Ẹ Bi Dókítà Kí Oògùn Tó Wọ Ara: Bí Wọ́n Ṣe Ń Pa Ilé-Ẹyin Ọmọbìnrin Mọ́ De Ọjọ́ Ọ̀la

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kan bàbá, ó kan ìyá, ó kan ọmọbìnrin tí ó wà nílé ẹ̀kọ́, ó sì kan ọkọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó. Nígbà tí àìsàn ńlá bá wọ ilé, ohun tí ó máa ń wà lẹ́nu gbogbo ẹbí ni pé kí ẹni náà ṣáà má kú. Bí ó ṣe yẹ kí ó rí nìyẹn, nítorí ẹ̀mí ni àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ewu bá ti kọjá, tí ara ti yá, tí ọmọbìnrin náà sì ti tó ilé ọkọ, ìbéèrè mìíràn á yọjú: ṣé yóò lè bímọ? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ náà ni ẹbí á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé oògùn tí ó gbà á là ni ó pa ẹyin inú rẹ̀ run, àti pé ohun kan wà tí wọn ìbá ti ṣe kí oògùn náà tó wọ ara rẹ̀.

Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ wà lára ibi tí èrò pọ̀ sí jù ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ìdímù dé Ìgàndò, a kò lè ṣàì rí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, tàbí ilé tí ìyàwó ti fọwọ́ kan kókó nínú ọyàn rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ sì pami. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ń bá sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni a sì fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo rẹ̀: ẹ béèrè kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

KÍ NI ILÉ-ẸYIN?

Obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ilé-ẹyin méjì, ọ̀kan ní apá ọ̀tún ilé-ọmọ, ọ̀kan ní apá òsì. Kò gùn ju ìdajì ìka ọwọ́ lọ. Ibẹ̀ ni ẹyin tí ń di ọmọ ti ń wá. Ibẹ̀ náà ni họ́mọ̀nù ti ń jáde, èyí tí ń mú kí ọmú yọ, tí ń mú kí nǹkan oṣù wá, tí ó sì ń jẹ́ kí egungun obìnrin le.

Ọkùnrin a máa ṣe àtọ̀ tuntun títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀. Obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹyin tí yóò ní láyé ni ó bá wá sáyé. Ọmọbìnrin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ní ẹyin tí ó tó 1,000,000 sí 2,000,000 nínú. Nígbà tí yóò bá fi bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, wọn á ti dín kù sí nǹkan bí 300,000 sí 400,000. Nínú gbogbo wọn, nǹkan bí 400 sí 500 péré ni yóò gbó tí yóò sì jáde ní oṣooṣù. Ó dà bí owó tí bàbá fi sí bánkì fún ọmọ rẹ̀, tí kò sí ẹni tí yóò tún fi kún un. Bí olè bá kó o lẹ́ẹ̀kan, ó tán.

OÒGÙN TÍ Ń GBA Ẹ̀MÍ LÀ, TÍ Ó SÌ Ń PA ẸYIN

Oògùn àrùn jẹjẹrẹ tí àwọn ènìyàn ń pè ní kẹ́mò lágbára púpọ̀. Bí ó ṣe ń wá jẹjẹrẹ kiri nínú ara ni ó lè máa ba ẹyin jẹ́ nínú ilé-ẹyin. Kì í ṣe gbogbo oògùn ni ó ń ṣe èyí bákan náà. Àwọn tí a mọ̀ mọ ìbàjẹ́ náà jù ni àwọn bí cyclophosphamide àti busulfan. Ìtànṣán tí wọ́n bá dojú rẹ̀ kọ ìsàlẹ̀ ikùn tún lè pa ilé-ẹyin. Ọjọ́ orí náà ní ipa tirẹ̀: obìnrin ẹni ọdún 38 tí ẹyin rẹ̀ ti dín kù lè pàdánù gbogbo rẹ̀ nídìí oògùn tí ẹni ọdún 18 gbà tí tirẹ̀ sì ṣẹ́ kù.

Kì í wá ṣe jẹjẹrẹ nìkan. Fòníkú-fọ̀ladìde, àìsàn àwọn tí ó ní SS, ní ìwòsàn kan tí ó lè mú un kúrò pátápátá nínú ẹ̀jẹ̀: kí a pààrọ̀ mùdùnmúdùn inú egungun aláìsàn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Ní ọdún 2011 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Benin, lọ́wọ́ Dókítà Nosa Bazuaye àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbin mùdùnmúdùn tuntun, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi oògùn líle run ti àtijọ́, busulfan àti cyclophosphamide sì wà lára àwọn oògùn tí wọ́n máa ń lò. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọbìnrin tí kò ní jẹjẹrẹ rí lè bọ́ lọ́wọ́ ìrora egungun, kí ó sì pàdánù ẹyin rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé sọ pé nǹkan bí ọmọ 150,000 ni wọ́n ń bí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà pẹ̀lú àìsàn yìí. Ẹ lè rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ará òkèèrè nìkan.

ỌMỌBÌNRIN TÍ Ó WÁ LÁTI KÓŃGÒ

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ìlú Brussels, ní orílẹ̀-èdè Belgium, tí ó yẹ kí gbogbo ilé tí ó ní ọmọ SS gbọ́. Ilẹ̀ Kóńgò ni wọ́n ti bí ọmọbìnrin náà. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí wọ́n mọ àìsàn tí ń ṣe é. Ó pé ọdún 11 kí ó tó kó lọ sí Belgium. Àìsàn náà le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn dókítà fi pinnu láti pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin sì ni ó fún un ní tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fún un ní oògùn líle, wọ́n yọ ilé-ẹyin rẹ̀ apá ọ̀tún, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi í sínú òtútù. Ó ku nǹkan bí oṣù kan kí ó pé ọmọ ọdún 14. Ọmú rẹ̀ ti ń yọ, ṣùgbọ́n kò tíì rí nǹkan oṣù àkọ́kọ́.

Ìwòsàn náà yọrí sí rere, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọmọ ọdún 15, ilé-ẹyin apá òsì tí ó kù kò ṣiṣẹ́ mọ́. Họ́mọ̀nù tí wọ́n ń fún un ni ó ń mú kí nǹkan oṣù rẹ̀ wá. Lẹ́yìn ọdún 10, ó ní òun fẹ́ bímọ. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn Erasme mú lára ẹran ilé-ẹyin tí wọ́n ti fi pamọ́, wọ́n yọ́ ọ, wọ́n rán ègé 4 mọ́ ilé-ẹyin apá òsì rẹ̀, wọ́n sì fi ègé 11 sí ibòmíràn nínú ara rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 5, nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá fúnra rẹ̀. Nígbà tí ó lé ní ọdún 2, ó lóyún láìsí pé wọ́n po ẹyin pọ̀ mọ́ àtọ̀ nínú ìgò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ní ọmọ ọdún 27, ó bí ọmọkùnrin kan tí ó tó kílò 3 ó lé díẹ̀, ara ọmọ náà sì le. Dókítà Isabelle Demeestere àti àwọn tí wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ náà kọ ìròyìn rẹ̀ sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní ọdún 2015. Òun ni àkọ́kọ́ tí a gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ní àgbáyé, tí wọ́n mú ilé-ẹyin rẹ̀ kí ó tó rí nǹkan oṣù rárá, tí ó sì padà bímọ láti ara rẹ̀.

Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, obìnrin kan láti Dubai bí ọmọkùnrin ní ìlú London lọ́nà kan náà. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí wọ́n ń pè ní thalassaemia ni ó ní, kò sì tíì pé ọmọ ọdún 10 nígbà tí wọ́n mú ilé-ẹyin rẹ̀ kan ní ìlú Leeds.

BÍ WỌ́N ṢE Ń MÚ UN ÀTI BÍ WỌ́N ṢE Ń FI Í PAMỌ́

Dókítà kì í la ikùn gbàrà fún iṣẹ́ yìí mọ́. Ojú kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta ni yóò ṣí sí ikùn, yóò ti ẹ̀rọ tín-ín-rín tí ó ní kámẹ́rà bọ̀ ọ́, yóò sì mú ilé-ẹyin kan tàbí apá kan lára rẹ̀. Ara èèpo rẹ̀ lóde ni ẹyin wà, nítorí náà wọn á ha inú rẹ̀ kúrò títí èèpo náà yóò fi fẹ́lẹ́ tó mìlímítà 1, wọn á sì gé e sí ègé kéékèèké.

Ìṣòro tí ó kù ni omi. Sẹ́ẹ̀lì ara kún fún omi, omi tí ó bá sì di yìnyín a máa wú. Gbogbo ẹni tí ó ti gbàgbé ìgò omi sínú fírísà rí ni ó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀: ìgò á fọ́. Kí sẹ́ẹ̀lì má baà fọ́ bẹ́ẹ̀, wọn á kọ́kọ́ rẹ ègé náà sínú oògùn tí yóò fa omi jáde tí yóò sì rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yóò máa mú òtútù rẹ̀ pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Níkẹyìn wọn á kó o sínú nitrogen tí a ti sọ di omi, tí òtútù rẹ̀ jẹ́ dígírì 196 sísàlẹ̀ òdo. Níbẹ̀, kò sí ohun tí ó ń dàgbà, kò sí ohun tí ó ń jẹrà. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, kí ó sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Agolo tí wọ́n ń kó o sí kò nílò iná mànàmáná bíi fírísà ẹlẹ́ja ní ọjà Ìkòtún. Ṣùgbọ́n nitrogen náà a máa fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ máa bù ú kún un láìyẹ ọjọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó gbẹ, gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bàjẹ́, kò sì sí àtúnṣe.

EBI Ẹ̀JẸ̀ NI Ó Ń PA Á

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òtútù ni ọ̀tá tí ó burú jù. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àgùntàn ní ìlú Edinburgh fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1994 ni Dókítà Roger Gosden àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ kí a mọ̀ pé àgùntàn lè bímọ láti ara ilé-ẹyin tí a fi sí òtútù tí a sì dá padà. Ní ọdún 1999 ni wọ́n wá ka iye ẹyin tí ó ń ṣègbé. Nǹkan bí 7 péré nínú 100 ni òtútù àti yíyọ́ pa. Àwọn tí ó kú lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a padà sínú ara tó nǹkan bí 65 nínú 100. Kí ni ó pa wọ́n?

Ẹ ro ti ẹni tí ó ṣí igi ata kékeré láti ibi tí ó kọ́kọ́ hù sí, tí ó lọ gbìn ín sórí ebè mìíràn. Lọ́jọ́ kìíní ewé rẹ̀ á rọ jọwọlọ. Ilẹ̀ náà lọ́ràá, omi sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì múlẹ̀ láti fa á. Bí oòrùn bá mú jù láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn, ó kú nìyẹn. Bí ó bá sì rù ú là, á rúwé, á so.

Bákan náà ni ègé ilé-ẹyin rí. Tí dókítà bá yípadà tí ó pààrọ̀ kíndìnrín, yóò so iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹni náà lójú ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ṣàn. Ègé tí kò nípọn ju mìlímítà 1 lọ kò ní iṣan tí a lè rán. Wọn á kàn gbé e lé ibẹ̀, wọn á rán an mọ́ ọn, wọn á sì dúró kí ara fúnra rẹ̀ hu iṣan tuntun wọ inú rẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi ẹran ilé-ẹyin ènìyàn sára eku, nǹkan bí ọjọ́ 5 ni ègé náà wà láìrí atẹ́gùn ọ́síjìn tí ó tó, ó sì tó nǹkan bí ọjọ́ 10 kí ẹ̀jẹ̀ tó máa dé ibẹ̀ dáadáa. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ẹyin ti ń kú. Àwọn mìíràn tí ó yẹ kí ó sùn títí ọdún púpọ̀ á sì jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà kí àkókò wọn tó tó, wọn á sì ṣègbé. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ń wá ọ̀nà kí ilé-ẹyin tí a dá padà má baà kú, ohun tí wọ́n ń wá gan-an ni bí ọjọ́ ebi yẹn yóò ṣe kúrú.

OHUN TÍ WỌ́N Ń ṢE KÍ Ó LÈ YÈ

Ọ̀nà kìíní ni kí wọ́n tún ilẹ̀ ṣe sílẹ̀ kí wọ́n tó gbìn. Dókítà Jacques Donnez ní Brussels ṣe èyí fún obìnrin kan tí ó ti ní jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní Hodgkin. Ọdún 1997 ni wọ́n fi ilé-ẹyin rẹ̀ pamọ́. Ní ọdún 2003, nígbà tí ó kù ọjọ́ 7 kí wọ́n dá a padà, dókítà náà kọ́kọ́ ṣí ojú ọgbẹ́ kékeré sí ìsàlẹ̀ ilé-ẹyin rẹ̀ nínú ikùn. Gbogbo wa mọ̀ pé ibi tí ọgbẹ́ bá wà ni ara ń kó ẹ̀jẹ̀ lọ kí ó lè jinná. Nígbà tí ègé náà yóò fi dé ibẹ̀, iṣan tuntun ti ń hù dè é. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2004, obìnrin náà bí ọmọbìnrin, ìbí náà sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n kéde ní àgbáyé.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ràn án lọ́wọ́. Nínú ọ̀rá ara wa ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ń ké sí iṣan ẹ̀jẹ̀ pé kí ó máa bọ̀. Dókítà Marie-Madeleine Dolmans, Dókítà Donnez àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn kó irú sẹ́ẹ̀lì yìí sára eku ní ọjọ́ 14 kí wọ́n tó gbin ẹran ilé-ẹyin ènìyàn síbẹ̀. Ìròyìn tí wọ́n kọ ní ọdún 2018 fi hàn pé iṣan pọ̀ sí i, ẹyin tí ó yè náà sì pọ̀ sí i. Ara eku ni wọ́n ti ṣe èyí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wá tà á fún yín bí ohun tí ó ti dé tán.

Ọ̀nà kẹta ni oògùn. Àwọn kan ń dán èròjà tí ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ hù wò. Àwọn mìíràn ń dán oògùn tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tètè kú wò, bíi sphingosine-1-phosphate tí Dókítà Kutluk Oktay ní Amẹ́ríkà ti ṣiṣẹ́ lé lórí. Àwọn mìíràn ń wo fítámì E àti àwọn èròjà tí ń gba ara lọ́wọ́ ìbàjẹ́ tí ń wáyé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wọ ibi tí ó ti gbẹ.

Ọ̀nà kẹrin kò ní oògùn nínú, ọwọ́ tí ó mọ́ ni: kí wọ́n gé e fẹ́lẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè dé àárín rẹ̀, kí wọ́n má fi iná jó o nígbà tí wọ́n bá ń yọ ọ́, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ó pẹ́ lójú ọ̀nà. Ní Denmark, ibì kan ni wọ́n ti máa ń fi í sí òtútù fún ilé ìwòsàn púpọ̀. Inú yìnyín ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n sì ti gbé e fún wákàtí 4 sí 5 kí ó tó débẹ̀, ọmọ sì ti wá láti ara irú rẹ̀. Ẹni tí ó mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láti Ìyànà-Ìpájà dé Òṣòdì yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wákàtí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

ÈRÈ RẸ̀ ÀTI ÀÀLÀ RẸ̀

Nígbà tí ó fi di ọdún 2017, iye ọmọ tí a mọ̀ pé wọ́n ti bí lọ́nà yìí ti lé ní 130, wọ́n sì ti lé ní 200 lẹ́yìn náà. Ní ìparí ọdún 2019, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbímọ ní Amẹ́ríkà kéde pé iṣẹ́ náà ti kúrò ní ìdánrawò.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò lè kùnà. Nínú àwọn obìnrin tí wọ́n dá a padà fún, nǹkan bí 1 nínú 3 tàbí 1 nínú 4 ni ó ń bímọ. Ó máa ń tó oṣù 4 sí 6 kí ilé-ẹyin náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ọdún 4 sí 5, àwọn mìíràn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kì í fi í dá a padà títí obìnrin yóò fi ṣetán láti bímọ, tí wọn kì í sì í lo gbogbo ègé náà tán lẹ́ẹ̀kan. Wọn kì í sábà mú un lára ẹni tí ó ti kọjá ọdún 35, nítorí ẹyin rẹ̀ ti dín kù. Ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi, torí pé sẹ́ẹ̀lì àrùn náà lè fara pamọ́ sínú ẹran tí wọ́n mú, kí ó sì bá a padà wọ ara.

Ọ̀nà mìíràn tún wà fún obìnrin tí ó ti dàgbà. Ó lè fi ẹyin rẹ̀ pamọ́, tàbí kí òun àti ọkọ rẹ̀ fi ọlẹ̀ pamọ́. Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí Èkó: láti ọdún 1989 ni ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ po nínú ìgò ní Nàìjíríà ti dé, ní LUTH, lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru. Ṣùgbọ́n ó gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 kí ẹyin tó gbó tí wọn yóò fi kó o, àwọn aláìsàn kan kò sì lè dúró tó bẹ́ẹ̀. Ọmọdébìnrin tí kò tíì rí nǹkan oṣù kò sì ní ẹyin tí ó gbó tí a lè kó. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ègé ilé-ẹyin nìkan ni ọ̀nà.

Ọ̀RỌ̀ JẸ́NÓTÁÌPÙ TÍ Ó FARA SIN

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tí ẹ ń gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú kí wọ́n tó ṣègbéyàwó, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ọmọbìnrin SS tí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn rẹ̀ lè lọ ṣe àyẹ̀wò, kí ìwé sì jáde pé AA tàbí AS ni. Ìwé náà kò purọ́, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó fún un ní mùdùnmúdùn ni ó kà. Ṣùgbọ́n ẹyin rẹ̀ kò yí padà. Gbogbo ẹyin tí ó wà nínú rẹ̀, yálà èyí tí wọ́n fi pamọ́ tàbí èyí tí ó ṣẹ́ kù, ni ó gbé S lọ́wọ́.

Bí ó bá fẹ́ ọkùnrin AA, gbogbo ọmọ wọn yóò jẹ́ AS, kò sì sí èyí tí yóò ní àìsàn náà. Bí ó bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ SS bí ó ṣe lè má jẹ́ ẹ, ìlàjì sí ìlàjì. Nítorí náà, kí irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ tó gbé ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ wá, ẹ jẹ́ kí á ti kọ́ ọ láti sọ ìtàn ìwòsàn rẹ̀. Kí àwa náà sì gbọ́ ọ láìfi ojú burúkú wò ó.

ÀWA TÍ A WÀ NÍ ALÍMỌ̀ṢỌ́ ŃKỌ́?

Ilé ìwòsàn gbogboogbò Alímọ̀ṣọ́ tí ó wà ní Ìgàndò ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń kọ́kọ́ lọ. Láti ibẹ̀, dókítà lè kọ ìwé fún ènìyàn lọ sí LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Inú LUTH ni ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí ní ọdún 2019 wà. Ní Ìdí-Àràbà náà ni ilé Sickle Cell Foundation Nigeria wà, níbi tí òbí ti lè gba ìmọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ SS.

Ìgbà tí dókítà bá kọ ìwé yẹn ni ó yẹ kí ìbéèrè jáde lẹ́nu yín, kí ọjọ́ kẹ́mò tó pé. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì tijú. Ẹ lè sọ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ Dókítà, ṣé oògùn tí ẹ fẹ́ fún ọmọ wa lè ba ilé-ẹyin rẹ̀ jẹ́? Bí ó bá lè bà á jẹ́, kí ni a lè ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀? Ọjọ́ mélòó ni a ní tí àìsàn náà kò fi ní burú sí i? Ta ni ẹ lè darí wa sí tí ó mọ iṣẹ́ fífi ẹyin tàbí ilé-ẹyin pamọ́?”

Bí ẹ bá sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní òun lè fi í pamọ́, ẹ tún bi í pé: “Níbo ni ẹ óò fi í sí? Ta ni ń bu nitrogen kún un, ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù? Èló ni a óò máa san lọ́dọọdún? Ọmọ mélòó ni wọ́n ti bí láti ara èyí tí ẹ fi pamọ́ tí ẹ sì dá padà?” Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì fi í sí ibi tí ẹ ń fi ìwé ilẹ̀ yín sí, torí ọmọ tí ó jẹ́ ọdún 9 lónìí lè má nílò rẹ̀ títí di ogún ọdún.

Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọn ẹbí kan yóò béèrè, wọn yóò sì rí i pé agbára wọn kò ká a, tàbí pé àìsàn náà kò fún wọn láàyè. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Kí wọ́n tọ́jú ẹ̀mí, nítorí orí tí kò kú ni a ń dì ní gèlè. Ohun tí ó ń dunni jù ni ti àwọn tí agbára wọn ká a, tí àyè sì wà, tí kò sí ẹni tí ó béèrè.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÀWỌN ẸBÍ

Àwọn kan ń rò pé ẹni tí ó ń gbàdúrà kò gbọdọ̀ bá dókítà sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n gbàgbé pé Lúùkù, ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ Ìwé Ìhìnrere, oníṣègùn ni. Ẹni tí ó fi ọkà sí àká nígbà ọ̀pọ̀ kò ṣe aláìgbàgbọ́ nítorí pé ó mọ̀ pé ìyàn lè wá.

Ẹ̀yin ìyá ọkọ, bí aya ọmọ yín bá ti la àìsàn já tí oyún kò sì tètè dé, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ gún un lára. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá ìyàwó yín wọ yàrá dókítà, kí ẹ jọ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin òbí ọmọbìnrin kékeré, ọmọ náà kò lè béèrè fúnra rẹ̀, kò mọ ohun tí ó wà níwájú. Ẹ̀yin ni ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá ti dárúkọ kẹ́mò, tàbí ìtànṣán, tàbí pípààrọ̀ mùdùnmúdùn, ẹ yára la ẹnu yín béèrè, kí wọ́n tó gbé oògùn náà kọ́ sórí igi.